Yíyan Ìbọn Ọlọ́ta Wẹ́wẹ́ Tó Bá Ara Mu fún Ayìnbọn Alára Ńlá

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ga, tó sanra tàbí tó gbòòrò láyà, tó sì fẹ́ ra ìbọn tí yóò máa fi yin àwo amọ̀ tí ẹ̀rọ ń jù sókè. Ìwọ̀n èèyàn tí kò ga jù, tí kò sì kúrú jù, ni àwọn tó ń ṣe ìbọn sábà máa ń fi sọ́kàn, nítorí náà èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kọjá ìwọ̀n yẹn ni ó máa ń jìyà rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ó fi rọ́bà kún ìdí ìbọn kí ó lè gùn sí i. Gígùn ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé òun ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ kí a sì fi parí, nítorí pé ìbú àyà, ìsanra ojú àti títóbi ọwọ́ máa ń fa ìṣòro tí gígùn nìkan kò lè yanjú.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni pé irú ìbọn yìí kò ní ohun ìfojúsùn lẹ́yìn. Ojú ayìnbọn fúnra rẹ̀ ni ó wà ní ipò yẹn. Bí igi ìdí ìbọn bá gbé ojú yín sókè jù, ọta yóò gba òkè àwo kọjá. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, ọta yóò lọ sílẹ̀, tàbí kí ẹ máa gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lára igi láti lè ríran, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ ṣí ìbọn náà, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé kò sí ọta kankan nínú rẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ óò máa wọ̀ lọ síbi ìyìnbọn gan-an, nítorí aṣọ tó nípọn máa ń mú kí ìbọn dà bí ẹni pé ó gùn sí i.

A máa ń wọn gígùn láti irin tí ìka ń fà dé àárín ìdí ìbọn. Ọ̀pọ̀ ìbọn tuntun máa ń wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 37, ṣùgbọ́n ẹni tó ga dáadáa lè nílò 38 tàbí kí ó lé ní 39. Àṣà àtijọ́ tí a fi ń gbé ìdí ìbọn sí kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́, kí a wò bóyá ìka dé irin náà, kò sọ ju bí apá ṣe gùn tó lọ. Kò mọ nǹkan kan nípa ọrùn tàbí àyà. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ gbé ìbọn sí èjìká bí ẹni tó fẹ́ yìn ín, kí ẹnì kan sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bóyá àlàfo bí ìka méjì wà láàárín imú yín àti oríkèé àtàǹpàkò. Bí àtàǹpàkò bá ń gbá imú, ìbọn náà kúrú. Bí ìdí rẹ̀ bá ń há mọ́ aṣọ lábẹ́ apá nígbà tí ẹ bá ń gbé e sókè, ó ti gùn jù.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ igi ìdí ìbọn máa ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá fi rọ́bà kún un, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín yóò sún sẹ́yìn síbi tó rẹlẹ̀ jù, ojú yóò sì lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá mú gígùn kún láìtún gíga wò ti tún ibì kan ṣe, ó sì ti ba ibòmíràn jẹ́.

Ibi tí ìyà alára ńlá pọ̀ sí jù ni ìbú. Ojú tó kún fún ẹran máa ń ti ẹyinjú kúrò ní ìlà ọ̀pá ìbọn, àyà gbígbòòrò sì máa ń gbé kòtò èjìká jìnnà sí orí. Nítorí náà igi ìdí ìbọn gbọ́dọ̀ yà díẹ̀ sí ọ̀tún fún ẹni tó ń lo èjìká ọ̀tún, kí ó sì yà sí òsì fún alòsì. Mìlímítà 3 sí 6 ni ó wọ́pọ̀, àmọ́ ẹni tó tóbi lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ní ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn tó kan àyà. Bí ìsàlẹ̀ yẹn bá ń gún àyà, bí ó ṣe máa ń rí fún ọkùnrin tí igbá àyà rẹ̀ yọ síwájú tàbí obìnrin tí àyà rẹ̀ kún, ìbọn yóò máa yọ̀ gòkè nígbà tó bá ta, yóò sì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí a bu ìsàlẹ̀ náà kù díẹ̀ kí ó lè dùbúlẹ̀ lára àyà ni àtúnṣe rẹ̀; rọ́bà tó nípọn kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ga, tí ọrùn rẹ̀ sì gùn, yàtọ̀: òun nílò ibi ìgbé-ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣeé gbé sókè, kí ó má baà máa tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀.

Ní ti ọwọ́, ẹ wò ó bóyá ìka yín wọ inú òrùka irin ìfà láìhá, àti pé òrùka náà kò gbá ìka àárín nígbà tí ìbọn bá ta. Ní ti ìwọ̀n, ìbọn tó wà láàárín kílò 3.4 sí 3.9 tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìbọn tó wúwo máa ń dín bí ó ṣe ń ta sẹ́yìn lu èjìká kù, ṣùgbọ́n kí alágbára má torí agbára rẹ̀ ra èyí tí yóò rẹ apá rẹ̀ kí eré tó parí. Ọta oníwọ̀n gíráàmù 24, irú èyí tí wọ́n ń lò ní eré Òlíńpíìkì, kò tani tó oníwọ̀n 28.

Ẹ dán an wò ní ibùdó ìyìnbọn, pẹ̀lú awò tó ń dáàbò bo ojú àti ìdíwọ́ ariwo létí. Ẹ dúró ní yáàdì 16 sí pákó irin tí wọ́n kun kí ojú ọta lè hàn lára rẹ̀, ẹ dijú, ẹ gbé ìbọn tó ṣófo sí èjìká, kí ẹ sì lajú. Bí ìlẹ̀kẹ̀ iwájú ọ̀pá, ìyẹn hóró kékeré tó wà lórí ẹnu ìbọn, bá wà ní àárín ìran yín, ẹ kó ọta sí i, ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ bà láìwo ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ sì yìn ín ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Láti ojú dé ẹnu ìbọn jẹ́ nǹkan bíi yáàdì kan, nítorí náà àṣìṣe inú igi máa ń di ìlọ́po 16 lórí pákó: bí àárín ọta bá fi sẹ̀ǹtímítà 3.2 yà sọ́tùn-ún, mìlímítà 2 ni a ó fi tún igi ṣe. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igi tàbí tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi àwọn pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ṣeé yọ, tí a ń fi sí ara igi ìdí ìbọn, ṣe àtúnṣe náà, kí ẹ sì fi yin ọ̀pọ̀ àwo, nítorí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ṣe ń gbé ìbọn lónìí lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí i.