Àwọn àṣìṣe tá a máa ń ṣe tá a bá fẹ́ wá àyè dá wà, pàápàá nínú agbo ilé Àjàṣẹ́ wa

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an ni. Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu mọ ohun tí mò ń sọ: ilẹ̀ ò tíì mọ́ ẹ ti wà lójú títì, nǹkan bíi kìlómítà 30 péré ni o, àmọ́ tí ọkọ̀ bá ti to síwájú ara wọn, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dé, tẹ́ ẹ bá sì padà délé nírọ̀lẹ́, ilé ti kún, ọmọ ń tọrọ owó, àlejò ti jókòó, WhatsApp ń dún. Oṣù á parí, ẹ ò ní jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ro ọ̀rọ̀ ayé yín.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé a máa ń sọ pé ó dìgbà tí congé, ìyẹn ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, bá dé ká tó wá àyè dá wà. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Kí congé tó dé ni ìgbéyàwó àti òkú àgbà ti gbà á tán. Ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀ tó. Ẹ wo àwọn bàbá tí wọ́n ń jókòó sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun àsùbáà títí oòrùn á fi yọ, ṣé wọn ò níṣẹ́ ni? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ̀ ń ná ọjà Adjarra, ọrọọrún ló ń ná, àárọ̀ ọjọ́ kejì ọjà yẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan gbà á lọ́wọ́ yín.

Èyí tó wá burú jù lójú tèmi ni kéèyàn kàn dìde kó lọ jókòó láìsọ fún ará ilé. Nílé tiwa, ẹni tó dá jókòó tí kò sọ̀rọ̀, inú ló ń bí i tàbí ara ẹ̀ ò yá, bí wọ́n ṣe máa rò ó nìyẹn. Ìyàwó ilé á jókòó sẹ́yìn ilé díẹ̀, ìyálé á rán ọmọ wá pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́, kó tó dalẹ́ ó ti dé etí ìyá ọkọ pé ìyàwó ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ìsinmi á wá di ìpàdé ẹbí. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú: "Màmá, mo fẹ́ jókòó sẹ́yìn ilé díẹ̀, kò sí nǹkan kan o, tí wọ́n bá ti pe ìrun mo ti dé." Àwọn tó ń wọ ìtikáàfì, tí wọ́n ń jókòó sí mọ́ṣáláṣí láti jọ́sìn, ní ọjọ́ 10 ìgbẹ̀yìn Ramadan, ṣé ẹnì kankan ń sọ pé wọ́n ń bá ìyàwó jà? Rárá, torí gbogbo ilé ló mọ ibi tí wọ́n wà àti ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọkọ náà, tẹ́ ẹ bá ń lọ gba atẹ́gùn létí ọ̀sà ní tiyín àmọ́ tẹ́ ẹ ò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ rí kóun náà lè sinmi, ìyẹn ò dáa, ká sòótọ́.

Fóònù ńkọ́? Ẹ fi sílé. Ẹ má sọ pé ẹ kàn fẹ́ fi wo aago.

Ẹ má sì rò pé ó di ibi tó jìnnà tàbí ibi olówó. Abẹ́ igi ní Jardin des Plantes ńbí, ó tutù, igbó ọba ni wọ́n sọ di ọgbà. Kẹ́ ẹ má kó ìwé ìṣirò owó lọ síbẹ̀ ṣá, torí àwọn kan máa ń lọ jókòó kí wọ́n lè parí iṣẹ́ tó ṣẹ́kù.

Ó ku ọ̀kan. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tàbí tí kò jẹun mọ́ tí kò sùn, tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má sọ fún un pé kó lọ dá wà. Òun ò nílò ẹ̀yìn ilé rárá, èèyàn ló nílò, kẹ́ ẹ sì mú un lọ rí dókítà. Ẹ bá a jókòó, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kó sọ ọ́, bí kò bá fẹ́, ẹ má fipá mú un, àmọ́ ẹ má padà sílé lálẹ́ láìsí ẹni tó máa sun ọ̀dọ̀ ẹ̀.