Bí Mo Ṣe Gba Ìfági Bàámi Lọ́wọ́ Ìpẹtà

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi n'Íbàdàn ni mo ti bá a, nínú àpò sìmẹ́ńtì tí omi òjò ti rin títí tó fi lẹ̀ mọ́ irin. Ìfági Bàámi ni, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní jáàkì-péènì. Ó tó ọdún 11 tí Bàámi ti papòdà, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Ó ti dógùn-ún, ó pupa fòò bí ọ̀nà oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ikán ti jẹ igi ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ku irin gígùn tó di igi náà mú, tó dá nàró síbẹ̀.

Ìyá mi ní kí n kó o fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù kiri. Mo ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná. Mo fi ìka nu ara rẹ̀, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: Bailey, lẹ́yìn náà No. 5. Gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 14, abẹ rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 2. Ti Stanley, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́, ni, èyí tí wọ́n ṣe ní Íńgíláàndì. Leonard Bailey ará Amẹ́ríkà ló gbé ọgbọ́n inú rẹ̀ kalẹ̀, Stanley sì ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1869. Láti ìgbà náà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀: ẹni tó bá ti tú ọ̀kan rí, ó ti tú gbogbo wọn. Èmi ò kúkú tíì tú ọ̀kankan rí.

Mo rì í sínú kẹrosíìnì mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irin tó tẹ abẹ mọ́lẹ̀ ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí èérún pákó kan tó há sí ẹnu ìfági, ó ti dúdú, ó ká kóńkó bí ìrù ajá. Iṣẹ́ tí Bàámi fi ṣe kẹ́yìn ni. Mo gbé e sórí fèrèsé, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi idẹ ni wàhálà wà. Idẹ róbótó kan wà lẹ́yìn abẹ, òun ni wọ́n fi ń ti abẹ síwájú tàbí fà á sẹ́yìn. Mo fi páláyà yí i títí apá fi ro mí, kò mì. Ni mo bá pe ọmọṣẹ́ Bàámi àgbà, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nítòsí ọjà pákó Bódìjà báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Idẹ ẹ̀yìn jáàkì Bàámi kọ̀, kò yí o."

"Apá ibo lo ń yí i sí?"

"Apá òsì ni, sà. Bí a ṣe ń tú nọ́ọ̀tì."

Ẹ̀rín pa á. "Ọmọ ọ̀gá, o ò tú u, ńṣe lò ń dì í. Ọlọ́wọ́ òsì ni tibẹ̀, òdìkejì nọ́ọ̀tì yòókù. Yí i sí ọ̀tún. Jọ̀ọ́, gbé páláyà yẹn sílẹ̀, idẹ kì í ṣe irin."

Mo yí i sí ọ̀tún pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ó tú.

Mo ra ọsàn wẹ́wẹ́, mo fún omi rẹ̀ sínú ike, mo kó gbogbo ohun tó jẹ́ irin síbẹ̀ mọ́jú. Mo yọ idẹ sọ́tọ̀. Nígbà tó máa di àárọ̀, omi náà ti dúdú bí omi aró. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha wọ́n, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ kọ̀rọ̀, mo fi omi eérú ṣan wọ́n kí kíkan ọsàn lè kúrò, mo nù wọ́n gbẹ, mo sì fi òróró máṣíìnì pa wọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi "lójú ẹsẹ̀" yẹn ṣeré. Mo fi ẹyọ kan sílẹ̀ torí pé fóònù dún. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ti tún ń pọ́n. Irin tó jáde láti inú ọsàn kì í dán o. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ihò wínníwínní bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Ihò ẹ̀gbẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ti ẹ̀yìn abẹ, níbi tó ti ń jẹ igi, ni kò gbọdọ̀ sí.

Àwọn kan sì ní kí n kùn ún lọ́dà. Ọ̀dà kì í fá igi.

Abẹ yìí ni mo ti ṣe aṣiṣe. Eyín rẹ̀ ti kán níbi méjì, ara mi sì ti ń yá. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan ládùúgbò, ó fi ẹ̀rọ ìlọrin lọ̀ ọ́, iná ń ta pàrà, inú mi ń dùn. Nígbà tó gbé e lé mi lọ́wọ́, etí abẹ náà ti ní àwọ̀ búlúù bí ọrùn àdàbà. Mo rò pé ẹwà ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n.

"O ti sè é," ló kọ padà.

Ooru ti ba líle irin náà jẹ́. Ibi tó bá ti di búlúù ti rọ̀, kò ní mú pẹ́. Kò sí oògùn mìíràn ju kí n lọ̀ ọ́ kọjá ibẹ̀, lórí òkúta, pẹ̀lú ọwọ́. Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ló gbà. Nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ nínú abẹ Bàámi torí ìwàǹwára mi.

Ìsàlẹ̀ ìfági kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ sáńpépà nọ́ńbà 80 sórí gíláàsì tábìlì tó nípọn, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà wúruwùru sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ń fà á lọ fà á bọ̀ títí ìlà fi pa rẹ́. Abẹ wà nínú rẹ̀ ní dídì nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti fà á sẹ́yìn kó má kan sáńpépà. Mo wá fi nọ́ńbà 120 àti 240 parí rẹ̀. Àjákù igi apá ni mo fi gbẹ́ ọwọ́ tuntun. Ó sanra jù, mo mọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e lé pákó ìrókò, ó fá díẹ̀, ẹnu rẹ̀ dí. Ẹ̀gbọ́n wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó yọ abẹ, ó fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ àárín abẹ àti irin pẹlẹbẹ tó jókòó lé e lórí. Ìwé náà kọjá.

"Ṣó o rí i? Ibi tí èérún ń wọ̀ lọ nìyẹn."

Ó fi fáìlì rá etí irin náà títí tí ìwé ò fi rí ọ̀nà wọ̀ mọ́. Ó fi àbẹ́là pa ìsàlẹ̀ ìfági, ó sì tì í lórí pákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èérún tó jáde gùn tó pákó náà, ó fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó yí ìfági náà síwá sẹ́yìn, ó ní ọwọ́ rẹ̀ sanra jù lóòótọ́. Ó wá ní kí n yá òun fún ọjọ́ méjì péré, ilẹ̀kùn kan wà tí òun fẹ́ fi ṣe. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.