Ìdí tí ìkànnì kan fi ń ṣí ní orúkọ ìkànnì mìíràn

Sáfà kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé orí rẹ̀, wà tí mo ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, Ubuntu tó ń darí kọ̀ǹpútà náà àti Apache 2.4 tó ń gbé ojú ewé ìkànnì fún àlejò ló wà lórí rẹ̀, láti yàrá iṣẹ́ mi ní Tanke, níhìn-ín ní Ìlọrin, ni mo sì ti ń bójú tó o. Ìkànnì àwọn ahunṣọ òfì kan nìkan ni ó gbé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òmù-Àrán tó ní kí n bá àwọn gbé tiwọn sí i. Mo kọ fáìlì VirtualHost tuntun, èyí tó ń júwe ìkànnì kan fún Apache, mo fi àṣẹ a2ensite mú un ṣiṣẹ́, mo sì ní kí Apache tún àwọn fáìlì rẹ̀ kà. Kò fi àṣìṣe kankan hàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ̀gá ilé-ìwé náà pè mí: “Ẹ jọ̀wọ́, bọ̀dá, aṣọ òfì ni mo ń rí ní orúkọ wa o.” Ó dùn mí gan-an, nítorí wọ́n ti fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí àwọn òbí.

Àdírẹ́sì IP kan, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń rí sáfà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ìkànnì méjèèjì jọ ń lò. Orúkọ tí aṣàwákiri bá fi ránṣẹ́ nínú ìlà Host ti ìbéèrè rẹ̀ ni Apache fi ń mọ èyí tí àlejò ń fẹ́. Ó dà bí agbo ilé ńlá ní Ìlọrin, níbi tí àlejò yóò ti dárúkọ ẹni tó wá wò, tí wọ́n á sì mú un lọ sọ́dọ̀ Mágàjí, olórí agbo ilé, bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ orúkọ náà. VirtualHost tí Apache bá kọ́kọ́ kà ni Mágàjí tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sọ pé òun kò rí ìkànnì.

DNS, tó ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà IP, tọ́. Àṣẹ apache2ctl configtest dáhùn pé Syntax OK, ìyẹn ni pé kò sí àṣìṣe nínú bí mo ṣe kọ àwọn fáìlì náà. Ohun tó dà mí láàmú jù ni pé nígbà tí mo wọ inú sáfà náà, tí mo fi curl, àṣẹ tó ń béèrè ojú ewé láìlo aṣàwákiri, béèrè orúkọ ilé-ìwé ní 127.0.0.1, àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀, ojú ewé ilé-ìwé gan-an ni ó gbé jáde.

Àṣẹ apache2ctl -S, tó ń to gbogbo VirtualHost jáde, ló tú àṣírí náà. Ti àwọn ahunṣọ wà lábẹ́ nọ́ńbà IP sáfà gan-an, ti ilé-ìwé sì wà lábẹ́ *:80, ìyẹn àdírẹ́sì yòówù ní ẹnu ọ̀nà (port) 80. Èmi ni mo kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ nígbà tí ìkànnì kan ṣoṣo wà, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Kí Apache tó wo orúkọ rárá, àdírẹ́sì tí àlejò gbà wọlé ni ó ń wò. Bí ó bá ti rí VirtualHost tó dárúkọ àdírẹ́sì yẹn ní pàtó, àárín irú wọn nìkan ni yóò ti wá orúkọ, kò ní yà sọ́dọ̀ *:80 mọ́. 127.0.0.1 kì í ṣe nọ́ńbà tí mo kọ, nítorí náà ni curl ṣe rí ilé-ìwé láti inú ilé.

Mo sọ méjèèjì di <VirtualHost *:80>, mo sì pa àṣẹ systemctl reload apache2. Ìkànnì ilé-ìwé ṣí. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi www ṣáájú orúkọ náà ṣì ń bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ, torí pé n kò kọ ọ́ sí ServerAlias, ìlà tí a ń kọ àwọn orúkọ mìíràn tí ìkànnì ń jẹ́ sí, fáìlì wọn ló sì ṣáájú ní ètò lẹ́tà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dá 000-default.conf tí mo ti pa tẹ́lẹ̀ padà, èyí tí Apache máa ń kọ́kọ́ kà nítorí orúkọ rẹ̀, tí mo fi ojú ewé kan sí i tó ń sọ pé kò sí ìkànnì tó ń jẹ́ orúkọ tí a béèrè, nítorí n kò fẹ́ kí oníbàárà mi kankan máa ṣe Mágàjí mọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo pe ọ̀gá ilé-ìwé náà padà. Ó ṣí i lórí fóònù rẹ̀, ó sì ka àkọlé ilé-ìwé wọn sí mi létí.