Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ọ̀rọ̀ Ọmọ Yín Lọ sí Ilé-Ìwé, Kí Ó sì Lójútùú

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí àwọn òbí ń gbé lọ sí ilé-ìwé ni kì í lójútùú, kì í sì í ṣe pé wọn ò jàre. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òbí, mo sì ti bá àwọn òbí mìíràn jókòó níbẹ̀. Òbí á sọ gbogbo ohun tó ń dùn ún, olùkọ́ á ní òun ti gbọ́, kálukú á dìde, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tí yóò yàtọ̀ lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, kí ẹ tó jáde nílé rárá, ẹ dáhùn ìbéèrè yìí ní gbólóhùn kan ṣoṣo: kí ni ẹ fẹ́ kí ilé-ìwé ṣe? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ "kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé inú mi ò dùn," ẹ ò tíì ṣe tán láti lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ọmọ

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun, kó sinmi, kí ẹ tó bi í ní nǹkan kan. Ìgbà tí èmi máa ń bi ọmọ léèrè ni ìgbà tí a bá jọ ń ṣe iṣẹ́ kan, bíi kí a jọ máa ká aṣọ, torí ẹnu ọmọdé máa ń yá sí i nígbà tí wọn ò bá tẹjú mọ́ ọn. Kí ìbéèrè yín má ṣe ní ìdáhùn nínú. Ẹ bi í pé "Kí ló ṣẹlẹ̀?", "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?", "Ta ló wà níbẹ̀?" Ẹ má bi í pé "Ṣé tíṣà yín ló tì ọ́ ṣubú?" Ọmọdé tètè máa ń mọ ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́. Bí ẹ bá sì ń bi í ní ohun kan náà léraléra, ó lè rò pé ìdáhùn tí òun kọ́kọ́ fún yín ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, kó sì yí i padà. Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé bá bi òun fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní bá ara mu mọ́.

Ẹ bi í pẹ̀lú pé kí ni òun fẹ́. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1989 sọ ọ́ ní abala 12 pé ọmọ tó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó kàn án, kí a sì ka èrò náà sí bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Ká tiẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, òun ló máa padà sínú kíláàsì yẹn lọ́la. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kí wọ́n kàn yí ìjókòó òun padà ló ń wá, nígbà tí ẹ̀yin ti ń múra láti ní kí wọ́n lé ọmọ ẹlòmíràn.

Bí ó bá bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣèlérí. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò ní ṣe ohunkóhun láìjẹ́ kó mọ̀, kí ẹ sì pa àdéhùn yẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí kì í dúró de ìpàdé

Bí ọmọ bá fara pa, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, tàbí tí ó ń sọ pé òun fẹ́ ṣe ara òun léṣe, ẹ gbàgbé gbogbo ìlànà tó kù nínú àpilẹ̀kọ yìí ná. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá tàbí àjọ tó ń dáàbò bo ọmọdé létí. Ọ̀gá ilé-ìwé náà gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà, àyàfi bí ó bá jẹ́ òun ni ẹ̀sùn kàn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kàn, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀, ẹ má sì da ìbéèrè bò ó. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, àti pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Èyí ò le. Jọ́tà kan fún ọmọ kan, bírò kan. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ohun tí ọmọ sọ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Èmi máa ń fi ìlà pín ojú ìwé sí méjì: ohun tí a rí tàbí tí a gbọ́ ní ọwọ́ òsì, ohun tí mo rò ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì nìkan ni ẹ máa gbé lọ sí ilé-ìwé. "Ìwé rẹ̀ ya lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀" wà ní ọwọ́ òsì. "Tíṣà yẹn kórìíra ọmọ mi" wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ ni kó sì wà. Ẹ ya àwòrán ohun tó bá ṣeé yà, bí aṣọ tó ya tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ.

Ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ wúlò gan-an bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ kan ló ń fìyà jẹ ọmọ yín. Dan Olweus, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní apá Scandinavia ní àwọn ọdún 1970, fi ìyàtọ̀ sí ìjà àárín ọmọdé àti ìfìyàjẹni: ìfìyàjẹni ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, tí agbára ẹni tó ń ṣe é sì ju ti ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí lọ. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń lo ìtumọ̀ yìí títí dòní. Bí ẹ bá sọ pé "wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu," wọ́n lè ní eré ọmọdé ni. Bí ẹ bá tẹ́ ọjọ́ mẹ́rin kalẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn kan náà, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti pè é ní eré.

Ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ rí

Olùkọ́ kíláàsì, tàbí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ má fò ó lọ bá ọ̀gá, àyàfi bí ó bá jẹ́ olùkọ́ náà gan-an ni ẹ̀sùn tó wúwo kàn. Ọ̀gá á kàn dá yín padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni, olùkọ́ á sì ti mọ̀ pé ẹ ti fẹjọ́ òun sùn lẹ́yìn òun.

Ẹ fi ìwé kékeré tàbí ímeèlì tọrọ àyè ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì sọ ohun tó dá lé lórí, kí òun náà lè múra: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa bí ọmọ mi ò ṣe rí pátákó láti ibi tó ń jókòó. Ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn?" Kò dìgbà tí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ fi fóònù yà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Àwòrán yẹn ni ẹ̀dà tiyín. Ọ̀rọ̀ yìí ò sì gbọ́dọ̀ dé inú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí. Bí ó bá ti débẹ̀, kò ní pẹ́ tí olùkọ́ fi máa rí i, á sì wá sí ìpàdé bí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi.

Ìpàdé náà gan-an

Ibí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí a rọra kà á.

Ẹ má ṣe é lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé láàárọ̀. Olùkọ́ ní odindi kíláàsì tó ń dúró dè é, àwọn òbí mìíràn ń gbọ́, ọmọ yín pàápàá dúró tì yín. Ìdáhùn tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ lọ ni ẹ máa gbà, kì í ṣe ìdáhùn tòótọ́. Ẹ má sì lọ lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó di dandan kí ẹ sùn lé e lórí. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó, olùkọ́ tí wọ́n bá sì ti yọ ọfà sí, ara rẹ̀ ló máa máa gbà sílẹ̀ títí ìpàdé á fi parí.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Mo ti rí òbí tó wá nítorí pé wọ́n ń lu ọmọ rẹ̀, tó wá fi iṣẹ́ àmúrelé tó pọ̀ jù kún un, tó tún mẹ́nu kan aṣọ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni wọ́n yanjú, torí òun ló rọrùn jù, wọ́n sì dìde.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ohun tí ọmọ mi sọ fún mi nìyí. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀yin rí." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó lè jẹ́ pé ohun kan wà tí ọmọ ò sọ, ó sì sàn kí ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀ ju kí ó bá yín lójijì níwájú ọ̀gá lọ. Bí ohun tí olùkọ́ sọ bá yàtọ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ẹ ní, "Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bára mu. Báwo la ṣe lè mọ èyí tó ṣẹlẹ̀?"

Ẹ má béèrè irú ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ò ní sọ ọ́, bí ẹ̀yin náà ò ṣe ní fẹ́ kí wọ́n sọ ti ọmọ yín fún aládùúgbò. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín ni ohun tí wọ́n máa ṣe kí tiyín lè wà láìséwu. Ẹ má sì fúnra yín lọ bá ọmọ yẹn tàbí òbí rẹ̀. Mi ò tíì rí ibi tí ìyẹn ti tún nǹkan ṣe. Ohun tí mo rí ni ẹjọ́ kan tó di méjì, tí òbí tó ní ẹ̀tọ́ wá di ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn.

Ẹ má halẹ̀ pé ẹ máa gbé e sórí ayélujára tàbí kóòtù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, ọmọ yín ṣì wà lábẹ́ àwọn ènìyàn yìí lójoojúmọ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé inú máa ń tètè bí yín, ẹ mú ẹnìkan tó farabalẹ̀ lọ, kí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kíkọ nǹkan sílẹ̀ nìkan. Ẹ ò nílò agbẹjọ́rò ní ìpele yìí. Bí èdè tí ilé-ìwé ń sọ ò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ wá àgbàlagbà kan tó máa túmọ̀. Ẹ má lo ọmọ náà ní ògbufọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ibi tí ìpàdé ti máa ń yọ́ dànù ni òpin rẹ̀. Olùkọ́ á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, a máa mójú tó o," òbí á sì dúpẹ́, á máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde lórí gbólóhùn yẹn. Inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣèlérí ohunkóhun. Ẹ fi ohùn tútù béèrè: Kí ni ẹ máa ṣe? Ta ló máa ṣe é? Láti ọjọ́ wo? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń dára? Ìgbà wo la máa tún ríra? "Láti ọ̀la, iwájú ni yóò máa jókòó, màá sì kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ Ẹtì" ni ìdáhùn. Bí ẹ ò bá rí irú èyí gbà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dábàá rẹ̀, torí ẹ ti mú ohun tí ẹ fẹ́ ti ilé wá. Bí olùkọ́ bá ní òun ò láṣẹ láti ṣe é, ẹ béèrè ẹni tó láṣẹ.

Alẹ́ ọjọ́ kan náà

Ẹ kọ ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ránṣẹ́ sí olùkọ́: ẹ dúpẹ́, ẹ ka ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa tún ríra sí i, kí ẹ sì ní kó tún un ṣe bí ẹ bá ṣì í gbọ́. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Òun ni ẹ̀rí tí ẹ máa lò bí ọ̀rọ̀ bá tẹ̀síwájú.

Ẹ sọ fún ọmọ náà pẹ̀lú, ní ṣókí.

Bí kò bá yanjú

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fún wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀. Bí nǹkan ò bá yí padà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-ìwé, kí ẹ béèrè ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún gbígba ẹ̀sùn. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ní in. Bí wọn ò bá ní in, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá. Lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ alákòóso tàbí ẹni tó ni ilé-ìwé. Lẹ́yìn wọn, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ níbi tí ẹ wà. Ẹ má fo ìpele kankan, torí ohun tí àwọn tó wà lókè máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ẹ ti bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ sọ ọ́.

Ojú ìwé kan ni kí lẹ́tà náà jẹ́: ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe, ohun tí wọn ò ṣe, ohun tí ẹ fẹ́ báyìí, ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyà tí olùkọ́ fi jẹ ọmọ, ẹ lè tọ́ka sí abala 28 nínú Àdéhùn tí mo dárúkọ lókè, tó ní kí ìbáwí ilé-ìwé bá iyì ọmọ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn mu. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ náà ò dùn tó yín kà á, kí ó yọ gbogbo ọ̀rọ̀ èébú kúrò.

Bí ó bá sì wá jẹ́ pé ilé-ìwé mìíràn ló kù, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba èsì ìdánwò ọmọ àti gbogbo ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ẹ ń lọ, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ tuntun, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó ń ran ọmọ náà lọ́wọ́ láti kàwé dáadáa. Ẹ má kó ẹjọ́ ti ibi àtijọ́ lọ bá a.