Ẹ Wọn Èènì Yẹn Wò: Bí A Ṣe Ń Mọ Ètò Máìlì Ọkọ̀ Òfurufú Tó Lérè

Ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú, oníbàárà tó ra gààrí kóńgò mẹ́ta kì í kúrò nídìí igbá títí ìyá tó ń tà á yóò fi bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Máìlì tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń polówó fún wa kò ju èènì lọ: ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n bu díẹ̀ lé e, èyí tí ẹ lè kó jọ títí yóò fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí ẹ lè padà wá. American Airlines gbé tiwọn, AAdvantage, jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Àmọ́ èènì gààrí, ojú yín ni wọ́n ṣe bù ú. Ti ọkọ̀ òfurufú, inú kọ̀ǹpútà wọn ló wà, àwọn ló sì ni kóńgò. Bí mo ṣe ń wọn tèmi rèé, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bá àwọn ará àdúgbò wọn tiwọn nígbà tí wọ́n bá gbé fóònù wá pé kí n bá àwọn wo tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ ìrìn yín sílẹ̀ ná

Bíró àti ìwé ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́, kò tíì kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ ní ọdún 2 sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ èyí tó dájú pé ẹ ó lọ ní ọdún 2 tó ń bọ̀. Èyí tó dájú ni mo wí o, ẹ fi èyí tó kàn ń wù yín sílẹ̀.

Ìyá kan wà ní Ìgbógbò tó máa ń lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ní London, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún 3. Ọ̀gá kan wà tó ń kó aṣọ láti Istanbul wá tà ní Sábó, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ìmọ̀ràn tí mo fún ìyá kò gùn: ẹ forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì tó bá rọjú jù, ẹ má fi ọ̀rọ̀ máìlì da ara yín láàmú. Ti ọ̀gá aláṣọ ló gba ìṣirò.

Ta ló ń bá ta ṣe?

Ẹ wo àwọn ọkọ̀ tó ń gbéra ní Ìkẹjà lọ sí ibi tí ẹ kọ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti para pọ̀ di ẹgbẹ́, débi pé máìlì tí ẹ rí lọ́dọ̀ ọ̀kan lè wọ àpò tí ẹ ní lọ́dọ̀ òmíràn. Mẹ́ta ló tóbi jù: Star Alliance tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, Oneworld ní 1999, SkyTeam ní 2000. Nínú àwọn tó ń gbérò láti Èkó, Ethiopian, Turkish, Lufthansa àti EgyptAir wà ní Star Alliance, níbi tí United ti Amẹ́ríkà náà wà. British Airways, Qatar àti Royal Air Maroc wà ní Oneworld. Air France, KLM, Delta, Kenya Airways àti Virgin Atlantic jẹ́ ti SkyTeam. Emirates dá dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àwọn tó ń bá ṣe lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bí ẹ bá wọ Ethiopian, kò di dandan kí máìlì yín wọ ShebaMiles tí í ṣe tiwọn. Ẹ lè ní kí ó wọ àpò yín lọ́dọ̀ Turkish tàbí United. Ìrìn kan, àpò kan. Kò sí ẹni tó ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá aláṣọ yìí máa ń gba Addis Ababa lọ sí Guangzhou nígbà mìíràn. Ó ti ní àpò mẹ́rin káàkiri, kò sì sí èyí tó ra nǹkan kan nínú wọn. Mo ní kó mú ẹyọ kan nínú Star Alliance, kó gbàgbé àwọn tó kù.

Kóńgò wọn

Ibí ni kí ẹ ti la ojú. Láyé ìjọ́sí, bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni máìlì ṣe ń pọ̀ tó. Èkó sí London tó nǹkan bí máìlì 3,100, iye yẹn náà ni wọ́n á sì kọ fún yín. (Máìlì tí ará Ìkòròdú mọ̀ jù ni Mile 12, ìyẹn ò sì ní èènì kankan lẹ́yìn sún kẹrẹ fà kẹrẹ.)

Ní báyìí, owó tí ẹ san ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà. Delta bọ́ sí i ní 2015: máìlì 5 fún dọ́là kan, fún mẹ́ḿbà tí kò tíì ní ipò (ìyẹn oyè tí wọ́n ń fún ẹni tó ń wọ ọkọ̀ wọn léraléra), owó orí ìjọba kò sì sí lára ohun tí wọ́n ń kà. Nípa bẹ́ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì gbàǹjo tí ẹ fi ẹ̀rín rà, èènì ẹ̀ kò tó nǹkan. Irú èyí tí Delta ń pè ní Basic, wọn kì í bu máìlì kankan lé e.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì ń wo jíjìn ọ̀nà, lẹ́tà kan ṣoṣo lórí tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ class sí, ló ń pàṣẹ. Y sábà máa ń jẹ́ economy olówó gọbọi tó ń gba máìlì pé. Àwọn lẹ́tà mìíràn lè gba ìdajì, wọ́n lè gba ìdá mẹ́rin, àwọn kan kì í gba nǹkan kan. Èèyàn méjì lè jókòó ti ara wọn, kí wọ́n jẹ ìrẹsì kan náà, kí ọ̀kan gba 3,100, kí èkejì gba 775. Ẹ wá àlàyé lẹ́tà wọ̀nyẹn lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tí àpò yín wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ lè yàtọ̀ sí i pátápátá.

Èló ni máìlì kan?

Ẹ ṣí áàpù wọn bí ẹni tó fẹ́ rìn lóòótọ́. Ọjọ́ tí ẹ lè lọ ni kí ẹ mú, ìgbà ọlidé ọmọ ilé ìwé tàbí oṣù December. Ẹ má mú Túsìdeè àárín February, gbogbo wọn ló ń fi máìlì ta ìjókòó nígbà yẹn. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lówó, kí ẹ wá tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi máìlì rà á.

Ká sọ pé ₦1,600,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́nà máìlì, wọ́n ní 60,000, pẹ̀lú ₦700,000 fún owó orí àti owó epo. Ẹ yọ 700,000 kúrò nínú 1,600,000, ó ku 900,000. Ẹ fi 60,000 pín in. Náírà 15 ni máìlì kan.

₦700,000 yẹn ló máa ń jẹ́ kí èèyàn gbé ọwọ́ lérí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é! Owó orí, ìjọba ló ń gbà á, ẹjọ́ ilé iṣẹ́ kọ́. Owó epo ni kí ẹ máa ṣọ́, torí àwọn kan ń gbé e lé tíkẹ́ẹ̀tì máìlì gan-an, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà lẹ fẹ́ wọ̀. Ẹ wò ó lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì kí ẹ tó pinnu.

Ó yá, ẹ padà sídìí ìrìn yín. Bí ọkọ̀ kan bá máa fún yín ní máìlì 4,000, ₦60,000 ni èènì yẹn. Bí òmíràn bá fi ₦150,000 dín sí i láìsí máìlì, ẹ wọ òmíràn o jàre.

Àwa ará Ìkòròdú tún ní láti ka agogo mọ́ ọn. Ọkọ̀ àárọ̀ kùtù ń fẹ́ kí ẹ ti kúrò nílé láago 2 òru, kí Mile 12 àti Kétu má bàa dá yín dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ìkẹjà. Owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan lè gbé máìlì ìrìn méjì mì. Mo máa ń kọ ọ́ sábẹ́ iye tíkẹ́ẹ̀tì ni, bí aláta ṣe ń ro owó mọ́tò mọ́ owó ọjà.

Ẹ má sì tọ́jú máìlì bí owó àjọ. Ẹ ṣáà mọ kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, tó ń dán lóde tí kò gba nǹkan nínú? Ohun tó ń gba 60,000 lónìí lè di 80,000 lọ́la, ìwé àdéhùn tí ẹ tẹ "mo gbà" sí lójú òpó wọn sì fún wọn láyè. Bó bá ti tó tíkẹ́ẹ̀tì kan, èmi a ná an. Ọjọ́ ìkú rẹ̀ tún yàtọ̀ síra: ti Delta àti United kì í kú, ti Emirates ń lo ọdún 3, Avios, bí British Airways ṣe ń pe máìlì tiwọn, ń kú bí nǹkan kan kò bá wọlé tàbí jáde nínú àpò yín fún oṣù 36.

Ẹrù

Fún oníṣòwò, ẹrù ju ìjókòó lọ, ibí sì ni ọ̀gá aláṣọ ti rí èrè rẹ̀. Ẹni tó bá dé ipò Gold nínú Star Alliance, wọ́n á fún un láyè ẹrù kan sí i, tàbí kílò 20 sí i níbi tí wọ́n bá ti ń fi ìwọ̀n ka ẹrù. Ẹ ka iye tí ẹ ti san fún àṣejù ẹrù ní ọdún kan. Bó bá wúwo, ipò yẹn tó ẹni í lé ju máìlì tí ẹ ń ná lọ. Ohun tí wọ́n fi ń ka ipò yàtọ̀ sí máìlì ìnáwó, ó sì ní iye àkókò tí ẹ gbọ́dọ̀ fi dé ibẹ̀, ẹ béèrè. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò bá lè gbé e débẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ipò. Mo ti rí ẹni tó ṣe é.

Orúkọ

Ibi tí èmi ṣubú sí rèé. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan, mo fi orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè mí sí i. Èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi ni èyí tí àlùfáà kà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí ìyá mi fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ronú kó tó rántí. Ìrìn méjì, lọ àti bọ̀, máìlì kò wọlé. Nígbà tí mo kọ̀wé, wọ́n ní kí n fi boarding pass, ìwé tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀, ránṣẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, nínú Kùránì, mo ti fi sàmì ojú ìwé. Àwọn mẹ́ta tó kù ti bá ìgbálẹ̀ lọ. Ẹyọ yẹn ni wọ́n san.

Torí náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà sí lẹ́tà bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ fi nọ́ńbà yín sí i nígbà tí ẹ bá ń rà á. Bó bá jẹ́ ajẹ́ńtì ló ń bá yín rà á, ẹ ní kó fi í hàn yín. Ní kàńtà, ẹ wo ara boarding pass bóyá nọ́ńbà náà wà níbẹ̀, kí ẹ tó kúrò níwájú ọmọ yẹn. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá tí ẹ kò rí nǹkan, ẹ bèèrè fún un lórí ìkànnì wọn. Oṣù 6 ni ọ̀pọ̀ ń fúnni láti fi béèrè, bó bá ti kọjá, ó di gbẹ̀yìn.

Ẹ tọ́jú boarding pass yín títí máìlì yóò fi wọlé. Tèmi wà nínú náílọ́nù kan tí mo fi há ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, pẹ̀lú rìsíìtì owó iná.