Bí a ṣe ń tọpa ìlà ìdílé àwọn 272 tí àwọn Jesuit Georgetown tà ní 1838

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1838, Thomas Mulledy, olórí àwọn Jesuit, ẹgbẹ́ àlùfáà Ìjọ Àgùdà, ní Maryland, fọwọ́ sí ìwé tó fi ta ènìyàn 272 fún olóko méjì ní Louisiana, Henry Johnson àti Jesse Batey. Iye tí wọ́n tà wọ́n ni $115,000, apá kan nínú rẹ̀ sì bọ́ sínú gbèsè ilé ẹ̀kọ́ Georgetown ní Washington, èyí tó ti di yunifásítì ńlá lónìí. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà ní Louisiana, pàápàá ní Maringouin, wọ́n sì ti tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń gbọ́ nílé pé Maryland ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá òun wá ni a kọ èyí fún, àti ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ará Louisiana sílé tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ ìhà kejì.

Ọ̀dọ̀ alààyè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa padà sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ láti 1838, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣìnà. Nínú ìwé àdéhùn yẹn, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún ọ̀pọ̀ wọn, pẹ̀lú ọjọ́ orí: Isaac, ọkùnrin ẹni ọdún 65, Charles, àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, 40, Nelly, ọmọ rẹ̀ obìnrin, 38. Charles mélòó ló wà ní Louisiana? Àwọn ìwé mìíràn ló jẹ́ kí a mọ orúkọ ìdílé bíi Hawkins, Butler, Hill, Queen, Campbell àti Mahoney, ṣùgbọ́n Butler àti Hill kún Amẹ́ríkà bámú. Orúkọ tó jọra kò sọ ènìyàn di ẹbí.

Ohun tó wà nílé

Ẹ kọ nǹkan mẹ́fà sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ àti ìnagijẹ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i, ẹni tó fẹ́, ọjọ́ tó kú, ibi tí wọ́n sin ín sí, àti ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìkẹfà yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun sì ni ẹ máa wá kiri lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ béèrè ìwé ètò ìsìnkú, ẹ ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ Bíbélì àtijọ́, kí ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá wọn ń lọ àti orúkọ ilé baba rẹ̀ kó tó wọ ilé ọkọ.

Ìwé ìkànìyàn

FamilySearch, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fún wíwá ìlà ìdílé, ń fi ìwé ìkànìyàn hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 72 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ti ìkànìyàn mọ́lẹ̀, nítorí náà ti 1950, tí wọ́n ṣí ní 2022, ni ó tuntun jù. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá títí dé 1900, èyí tó kọ oṣù àti ọdún ìbí, àti iye ọmọ tí ìyá bí àti iye tó wà láàyè.

Lẹ́yìn ìyẹn, àlàfo kan wà. Iná ba ti 1890 jẹ́ ní Washington ní 1921. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1881 tó sì ti kúrò nílé kí 1900 tó dé kò ní hàn lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀ láéláé. Ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìrìbọmi ló lè di àlàfo náà.

Ti 1880 ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ó sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe tan mọ́ olórí ilé, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti bí bàbá àti ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Maryland" níbẹ̀ fún ìdílé tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Iberville, Ascension tàbí Terrebonne ní Louisiana, ẹ sàmì sí i. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró o, torí àwọn oníṣòwò mìíràn náà kó ènìyàn láti Maryland lọ sí Louisiana. Ti 1870 ni àkọ́kọ́ tó dárúkọ gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó bí ẹni. Obìnrin tó wà nílé náà lè jẹ́ ìyàwó, ó sì lè jẹ́ àbúrò.

Bí ẹ kò bá rí ẹni tí ẹ ń wá, ẹ yọ orúkọ ìdílé kúrò, kí ẹ wá orúkọ àkọ́kọ́, àgbègbè àti ọjọ́ orí nìkan. Akọ̀wé ìjọba ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni, ọjọ́ orí sì lè fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá yẹ̀. Ẹ ka àwòrán ojú ìwé fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ka ilé mẹ́wàá sí òsì àti mẹ́wàá sí ọ̀tún. Àwọn tó jọ wà lóko kan sábà máa ń jọ gbé pọ̀ lẹ́yìn òmìnira.

Ìwé Ìjọ Àgùdà

Àwọn Jesuit ti ṣe ìrìbọmi fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní Maryland, ọ̀pọ̀ sì di ìsìn náà mú ní Louisiana. Ìwé àwọn ìjọ Iberville àti Ascension wà lábẹ́ dáyósíìsì (àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù) Baton Rouge. Ti Terrebonne àti Lafourche wà ní Houma-Thibodaux. Ẹ wo orúkọ àwọn òbí ìrìbọmi dáadáa, torí ẹbí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Èdè Faransé tàbí Látìn lè wà nínú rẹ̀. Ṣáájú òmìnira, ìwé náà lè má ní ju orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá rẹ̀ àti orúkọ olówó wọn lọ, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ olówó ọ̀hún.

Ọ̀wọ́ àwọn tó rà wọ́n

Batey kú ní 1851. Ní 1853 wọ́n ta oko rẹ̀, West Oak, pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fún Washington Barrow. Ní 1856 ó bọ́ sọ́wọ́ William Patrick àti Joseph Woolfolk. Ní 1859 wọ́n tún ta àwọn ènìyàn náà fún Emily Sparks. Johnson kò rí owó san, ó sì ta ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún Philip Barton Key ní 1844. Nígbẹ̀yìn, John R. Thompson ló ni gbogbo rẹ̀.

Òfin Louisiana ka ẹrú mọ́ ilẹ̀ àti ilé, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ títà wọn sílẹ̀ bí ẹni kọ ìwé ilẹ̀. Ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ẹjọ́ ti parish, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, ni ẹ ti máa rí i. Ó ba ọkàn jẹ́ láti kà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti máa ń hàn pọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Àkọsílẹ̀ ẹrú ti 1850 àti 1860 dárúkọ olówó, ṣùgbọ́n kì í sábà dárúkọ àwọn ẹrú fúnra wọn. Ẹ fi yẹ ọjọ́ orí wò lásán.

Síso ó mọ́ 1838

Georgetown Slavery Archive, àkójọ ìwé ti yunifásítì náà, gbé àwọn ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, American Ancestors, ẹgbẹ́ tó ń tọpa ìlà ìdílé, sì ní GU272 Memory Project (àkójọ nípa àwọn 272 yìí) láti 2019. Ẹ wá ìwé ọkọ̀ ojú omi Katharine Jackson, tó kúrò ní Alexandria ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 1838, tó gúnlẹ̀ sí New Orleans ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá. Orúkọ, ọjọ́ orí àti gíga ẹnì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo 272 ló dé Louisiana: àwọn kan sá, àwọn kan sì kù sí Maryland torí ọkọ tàbí aya wọn wà lóko ẹlòmíràn. Ìyá àti ọmọ méjì tí orúkọ àti ọjọ́ orí wọn tò tẹ̀ léra bákan náà nínú ìwé méjì lágbára ju ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ bá a mu lọ.

Ní ti DNA, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó lè fi hàn pé ènìyàn méjì tan, kò lè sọ baba ńlá tó so wọ́n pọ̀. Bí ó bá sì gbé "Nigeria" jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ pé Yorùbá ni wọ́n. Maryland ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1783, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ fọ́ ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ jù, Kúbà àti Brazil sì ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ. Oríkì orílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ láìní ẹ̀rí.

Láti 2016 ni Georgetown ti kéde pé òun yóò máa wo àwọn àtọmọdọ́mọ wọ̀nyí bí ọmọ àwọn tó ti jáde níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá àyè ìwé. Isaac tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú àdéhùn yẹn ni wọ́n fi sọ ilé kan lọ́gbà yunifásítì náà ní 2017, Isaac Hawkins Hall. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn, kó to ẹ̀rí rẹ̀ láti orí ara rẹ̀ sẹ́yìn, ìwé kan ó kéré tán fún ìsopọ̀ ọmọ àti òbí kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé lára rẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ sì kà á fún ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, kó lè tún èyí tí ẹ kọ lódì ṣe.