Bí Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bá Jókòó Sílẹ̀

Ìwé ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò àti ìdílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ń lo ọkọ̀ tí rọ́bà afẹ́fẹ́ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró dípò sípíríǹgì: Lexus GX 470, àwọn BMW X5 kan, àti irú wọn. Owó ńlá tí irú ọkọ̀ yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni sábà máa ń jẹ́ owó ohun tí wọ́n pààrọ̀ láìyẹ. Wọ́n á ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà) tuntun sí ọkọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ń jò, kò ní pẹ́ tí tuntun náà á fi jóná. Ẹ wá ibi tó ń jò kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Rọ́bà méjì ló wà lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Sẹ́ńsọ̀ kan tó ní apá irin tín-ín-rín so mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, òun ló ń ṣọ́ bí ẹ̀yìn ṣe ga tó. Bí ẹ bá kó àpò gàrí sí i tí ẹ̀yìn sì tẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á ta kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lólobó, kọ̀ǹpútà á tan rilé (súwíìṣì kékeré tí iná ń ṣí), rilé á gbé iná fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yìí ń ṣe iṣẹ́ tí ti fọkanáísà ń ṣe, àmọ́ ó kéré, wọn kò sì ṣe é pé kó máa ṣiṣẹ́ láìsinmi.

Afẹ́fẹ́ tó bá tú jáde lára rẹ̀ á kọ́kọ́ gba inú dráyà, níbi tí hóró funfun wẹẹrẹ ti ń fa omi inú rẹ̀, kó tó gba ojú fáàfù wọ rọ́bà. Nígbà tí ẹ bá já ẹrù, afẹ́fẹ́ á padà gba inú dráyà kan náà jáde, á sì gbé omi tí àwọn hóró yẹn ti fà lọ. Ibẹ̀ gan-an ni jíjò ti ń ba nǹkan jẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ihò rọ́bà jáde kò padà sí dráyà mọ́. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á máa fa afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin wọlé láti ìta léraléra, omi á kún dráyà, á dé ojú fáàfù, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ihò kékeré kan lè ba ohun mẹ́ta jẹ́.

Kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀

Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ nìkan gbé dúró. Bí páìpù kan bá yọ, ara ọkọ̀ á wálẹ̀ lójijì. Ẹ gbé e sórí sítáńdì irin, lórí kọnkéré tàbí pákó tó nípọn. Ilẹ̀ pupa wa, bí òjò bá ti rìn ín, jáákì á rì wọ inú rẹ̀.

Ẹ pa bọ́tìnì afẹ́fẹ́ (lára GX 470, wọ́n kọ OFF sí i) kí ẹ tó ti jáákì bọ abẹ́, ì báà jẹ́ táyà lásán lẹ fẹ́ pààrọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún fọkanáísà pẹ̀lú. Bí bọ́tìnì bá wà ní títàn, kọ̀ǹpútà lè rò pé ẹ̀yìn ti ga jù, á tú afẹ́fẹ́ dànù. Rọ́bà á ṣófo, á ká síbi tí kò yẹ, nígbà tí ẹ bá sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀, á há, á ya.

Ìdánwò òru kan

Tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ti tó. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, láìsí ẹrù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn á fi dúró níbi tó yẹ, kí ẹ pa bọ́tìnì afẹ́fẹ́, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wọ̀n láti àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ sókè dé etí bọ́dì tó bo táyà, ọ̀tún àti òsì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn, ẹ tún un wọ̀n.

Bí ó bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ wálẹ̀, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, òtútù òru ló fà á. Sẹ̀ǹtímítà 2 sókè, ó ń jò. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá lọ, rọ́bà tàbí páìpù ẹ̀gbẹ́ yẹn ni. Bí méjèèjì bá wálẹ̀ pọ̀, ẹ fura sí fáàfù, tàbí kó jẹ́ pé rọ́bà méjèèjì ti gbó pa pọ̀, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀. Bí kò bá wálẹ̀ rárá, tí kò sì gbéra bí ẹ bá kó ẹrù, ẹ fi rọ́bà sílẹ̀, ẹ lọ síbi iná, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àti sẹ́ńsọ̀.

Ọṣẹ àti omi

Ẹ po ṣíbí ọṣẹ olómi kan mọ́ ìdajì lítà omi, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó ń fọ́n. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rọ́bà ná, nítorí pé ẹrẹ̀ ọ̀nà oko Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè lè dí ihò mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ wà nínú rọ́bà, kí ọkọ̀ wà lórí sítáńdì, kí ẹ wá fọ́n ọn. Ibi tí rọ́bà ti ń ṣẹ́po nísàlẹ̀ ló máa ń sán jù, ihò ibẹ̀ kì í sì hàn àfi bí rọ́bà bá gùn díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, orí páìpù níbi tó ti wọ rọ́bà, ibi tí páìpù ti ń fara kan irin, àti ara fáàfù. Ìfófò tó ń wú díẹ̀díẹ̀ náà jíjò ni, ẹ má fojú fò ó.

Páìpù tó ya ṣeé tún ṣe pẹ̀lú owó kékeré. Ẹ fi abẹ́ tó mú gé e kó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kí ẹ lo ìsopọ̀ tuntun, ẹ tì í wọlé títí á fi dúró. Ayùn kì í gé e dáadáa. Rọ́bà tó sán kò ṣeé lẹ̀. Gọ́ọ̀mù àti páàṣì fọkanáísà kò lè dúró níbi tó ń ṣẹ́po lójoojúmọ́. Rọ́bà méjèèjì, ọ̀tún àti òsì, ni kí ẹ pààrọ̀. Tòkúnbọ̀ rọ́bà kò tọ́ sí ẹni tó mọ iye owó rẹ̀: ọjọ́ orí rẹ̀ kì í hàn lójú títí á fi wọ ọkọ̀.

Iná àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀

Ẹ wo fíúsì àkọ́kọ́. Bí tuntun bá tún jóná, ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú síbẹ̀, ẹ má sì fi wáyà so ó. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ti ń há ló ń fa iná jù, wáyà ni á jóná tẹ̀ lé e.

Kí rìwáyà (ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) fi mítà wò ó. Bátìrì tó dára máa ń fi fóòtì 12.6 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.4 nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí iná tó dé ojú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ nígbà tó ń yí kò bá tó fóòtì 11, ẹ wá ìpẹtà lára wáyà àti nọ́ọ̀tì ẹ́ẹ̀tì (èyí tó de wáyà mọ́ irin ara ọkọ̀). Ó tún lè fi wáyà tó ní fíúsì gbé iná láti bátìrì tààrà sí wáyà méjì tó nípọn lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Kó má fọwọ́ kan wáyà tín-ín-rín, ti fáàfù tàbí sẹ́ńsọ̀ ooru ni wọ́n. Bí ó bá yí, rilé tàbí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ wò. Bí kò bá yí, ó ti kú.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì tún ń ṣiṣẹ́ bó bá ti tutù, ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ooru ni. Ó ti ń bá ihò jà. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́, rilé ti lẹ̀ pọ̀. Ẹ yọ fíúsì kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì á kú mọ́jú. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ pààrọ̀ rilé àti dráyà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu páìpù, dráyà ti túká, ẹ fọ́n afẹ́fẹ́ gba inú páìpù kó mọ́ kí ẹ tó dè é.

Sẹ́ńsọ̀

Apá irin rẹ̀ máa ń pẹtà, á ṣẹ́, tàbí kó yọ lórí rẹ̀. Òkúta ojú ọ̀nà náà máa ń lù ú. Bí ó bá dúró síbi gíga, kọ̀ǹpútà á gbà pé ẹ̀yìn ti tó, kò ní tan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bó ti wù kí ẹrù pọ̀ tó. Ẹ yọ ẹnu wáyà rẹ̀, ẹ wò bóyá omi tàbí àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi girísì iná díẹ̀ sí i. Eku náà fẹ́ràn wáyà ọkọ̀ tó pẹ́ níbi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ tọ wáyà yẹn lọ dé òpin.

Ẹrù àti sípíríǹgì

Afẹ́fẹ́ kò fi kún ẹrù tí ọkọ̀ lè rù. Iye rẹ̀ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn awakọ̀, àwọn èèyàn inú ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Fún ẹni tó ń kó ẹ̀gẹ́ tàbí obì láti oko lójoojúmọ́, a gbà pé yíyí i sí sípíríǹgì mọ́gbọ́n wá. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yẹn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ má gé sípíríǹgì ọkọ̀ mìíràn. Iná ìkìlọ̀ lè máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, rìwáyà ni kó bójú tó o. Ẹni tó ń gbé àwọn àgbà lọ sí Ojúde Ọba ní ìjókòó ìrọ̀rùn á fẹ́ fi afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ó bá jókòó lójú ọ̀nà

Ní títì Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ já ẹrù tó wúwo sínú ọkọ̀ mìíràn. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tutù, kí ẹ tún dán an wò. Bí kò bá gbéra, ẹ wo àyè tó wà láàárín táyà àti bọ́dì lókè. Bí ìka mẹ́ta bá gba ibẹ̀, ẹ lè rọra wa á, kó má kọjá 40 kìlómítà ní wákàtí kan, dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó bá sún mọ́ jù. Bí táyà bá ń ha bọ́dì, ẹ pe ọkọ̀ agbọ́kọ̀.